Àáró Tí Nímọ́tà Ṣe fún Ọmọ Mi

Ọdún tí sòbìyà mú ìyá mi ní ọrùn ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè dùbúlẹ̀ sórí ẹní kí iṣẹ́ rẹ̀ sì máa lọ. Ìsàlẹ̀ Òmù-Àrán ni ilé wa wà, níbi tí ọ̀nà odò ti yà kúrò lára ọ̀nà ọjà, agbo ilé tí imú àlejò máa ń dé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé, nítorí irú ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà: ìkòkò ńlá mẹ́ta tí wóró igbá ń hó nínú wọn, tí ìdérí wọn ń ṣe kọ̀tọ̀kọ̀tọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ikọ́ Ìyá àgbà Wúràọlá, ìyá bàbá mi, tó máa ń ṣáájú àkùkọ, àti ohùn bàbá mi tó ń bú ewúrẹ́ tó bá wá jẹ èèpo irú lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣa òkúta kúrò nínú wóró, kí n pọn omi tí wọn yóò fi fọ̀ ọ́, kí n sì kó eérú jọ. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé, òórùn náà á sì bá mi lọ. Tíṣà wa fi mí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní afẹ́fẹ́ ló dára fún mi; àwọn ọmọ mọ ìdí rẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ Onírú. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìyá mi pọ̀ ju ìyẹn lọ, àfi pé ayé ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ báyìí, bí ẹ óò ṣe gbọ́.

Irú kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tó ń rà á ní dídì lọ́jà lè má mọ̀. Lẹ́yìn tí wóró bá ti hó di òwúrọ̀, èèpo rẹ̀ á ṣì le mọ́ ọn lára. A óò dà á sínú ọpọ́n onígi, a óò bu eérú sí i, a óò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo yóò fi bọ́. Bí obìnrin kan bá ní òun nìkan ni yóò tẹ̀ ẹ́, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó dé ìdajì, wóró á sì ti tutù. Bó bá sì ti tutù, kò gbọ́ tẹni mọ́. Nítorí náà ni ìyá mi, Adéòtí, ṣe ń bá àwọn obìnrin méjì ṣe àáró. Ìyá Ràfíù ni ọ̀kan, obìnrin sígbọnlẹ̀ kan tí ilé wọn wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tí kì í gbé ẹsẹ̀ sínú ọpọ́n láìpe bísímílà. Ìkejì ni Dórìkásì, ìyàwó kékeré tó jẹ́ ọmọ ìjọ, tó máa ń kọ orin ìsìn bó ṣe ń tẹ irú. Ilé wa lónìí, ilé Ìyá Ràfíù nígbà tó bá kàn, ilé Dórìkásì lẹ́yìn ìyẹn, kó tún padà sí tiwa. Ìyá Ràfíù a máa ní, "Dórìkásì, orin rẹ yìí falẹ̀ jù, irú á tutù lé wa lẹ́sẹ̀. Ṣé kò sí èyí tó yá díẹ̀ nínú ìwé yín?" Dórìkásì á dáhùn pé, "Ó wà, Ìyá Ràfíù. Ti Kérésì ni, àsìkò rẹ̀ ò tíì tó." Wọn á rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mẹ́fà á sì máa lọ sókè sódò nínú ọpọ́n, pẹ̀tẹ̀ pẹ̀tẹ̀, èmi á máa da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀.

Ilé tí a bá ti ṣiṣẹ́ ló ń bọ́ òṣìṣẹ́. Iyán ni ìyá mi máa ń gún fún wọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti wàrà tí àwọn Fúlàní máa ń gbé wá láti apá Oró-Àgọ́, ẹja tó bá sì wà nínú ìkòkò, ti àwọn àlejò ni. Àwa ọmọ ilé la máa ń jẹ omi ọbẹ̀. Inú máa ń bí mi. Mo sọ fún Ìyá àgbà lọ́jọ́ kan pé irú tiwa ni, ẹja tiwa ni, kí ló dé tí a ò jẹ nínú rẹ̀? Ó wò mí, ó húkọ́, ó ní, "Irú ọmọnìkejì ni kí o fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀. Tìrẹ, bí o bá fi ẹyọ kan tẹ̀ ẹ́, ìwọ náà ni yóò jẹ èèpo rẹ̀." Mi ò rí ibi tí ẹja wà nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ni mo fi tọ́ ọmọ mi. Mo máa ń rò ó báyìí pé ṣé kò bá ti sàn kí n gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí sòbìyà wá yọ orí lára ìyá mi, àárín gbùngbùn àsìkò irú ni, nígbà tí igi igbá gbó tí gbogbo ènìyàn ń kó wóró wálé. Ẹsẹ̀ náà wú, ó ń dán. Ìyá àgbà wé orí aràn náà mọ́ igi ìṣáná, ó ń fà á lójoojúmọ́ bí ẹní ń ká òwú, díẹ̀ báyìí, nítorí bó bá já sínú, ìyọnu ni. Ìyá mi ò sunkún nítorí ìrora. Oníbàárà rẹ̀ ló ń sunkún sí. Ó ń sọ ọ́ léraléra pé bí ọjà méjì bá kọjá tí wọn ò rí òun ní ìjókòó òun, wọn á ti mọ ilé ẹlòmíràn, ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá sì ti mọ irú ẹlòmíràn lára, kì í padà. Ìyá Ràfíù ló wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò jókòó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ṣíji bo gbogbo yàrá. Ó ní, "Adéòtí, ibo ni wóró rẹ wà?" Ìyá mi ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ fi sílẹ̀. Mi ò ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi san án." Ó ní, "Ta ló bi ọ́ ní ẹsẹ̀? Wóró ni mo bi ọ́." Wọ́n kó o jáde, òun àti Dórìkásì, wọ́n sè é, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ kó lè di irú. Nígbà tó tó dídì, Ìyá Ràfíù pè mí pé kí n wá fi hàn wọ́n bí ìyá mi ṣe ń di tirẹ̀. Nítorí dídì yàtọ̀ láti ilé dé ilé: ìyá mi máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó ewé sí apá òsì, Ìyá Ràfíù máa ń ká tirẹ̀ sábẹ́. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n sì jókòó, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ti di irú kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ń kọ́ bí wọn yóò ṣe di irú bí Adéòtí, kí irú rẹ̀ lè dé ọjà ní orúkọ rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n bá Dórìkásì jókòó ní ìjókòó ìyá mi lọ́jọ́ ọjà. Obìnrin kan wá láti Òmùpo, Ìyá Sáádù, ẹni tó máa ń ra ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi lọ tà. Ó mú ìdì kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo rò pé a ń tan obìnrin náà jẹ. Kí Dórìkásì tó la ẹnu, mo ti ní, "Kì í ṣe ìyá mi ló ṣe é o. Sòbìyà mú un. Àwọn yìí ló bá a ṣe é." Dórìkásì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Ìyá Sáádù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbé e sí imú. Ẹsẹ̀ Ìyá Ràfíù wà nínú rẹ̀, eérú rẹ̀ máa ń pọ̀ díẹ̀. Báwo ni ara ìyá rẹ?" Ó ra gbogbo rẹ̀, ó sì fi páálí ìṣáná kan lé e, ó ní kí wọ́n máa fi wé aràn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọjà mẹ́jọ tí ìyá mi fi wà nílẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sì sí ẹni tó pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Mo ń kọ èyí nítorí ọmọ mi obìnrin, Bọ́láńlé, ẹni tí a sin ní ẹ̀yìn ilé yìí. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé tó ti ń kọ́ ọmọ kógbá sílé, ó padà wá bá mi ní Òmù-Àrán pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tí etí rẹ̀ ti là, ó ní òun ti ríṣẹ́. Mo ní níbo? Ó ní nínú rẹ̀ níbí. Ohùn ènìyàn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, àwọn tó ń sọ Yorùbá káàkiri, onísọ̀rọ̀ kan ní Ìbàdàn, onísọ̀rọ̀ kan ní Ẹ̀síẹ́, òun á gbọ́ ọ, á kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ ni yóò ti kọ ọ́, ìkọkúkọ, òun á sì tún un ṣe. Ó ní ẹ̀rọ ni àwọn ń kọ́ kó lè gbọ́ èdè wa. Mo ní, "Ta ló ni ẹ̀rọ?" Ó ní, "Màámi, mi ò mọ̀ wọ́n. Òkè òkun ni wọ́n wà." Mo ní, "Ẹ ò tíì rí ojú ara yín?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ta ló ń bọ́ yín bí ẹ bá ń ṣe é?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ni, Màámi." Òótọ́ ló sọ. Iyán tèmi ló ń jẹ tó fi ń tẹ irú wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà nígbà náà. Bí ohùn àwọn àgbà Ìgbómìnà bá dé tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé e, Bọ́láńlé á yọ nǹkan kúrò létí, á ní, "Màámi, ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá yìí ń wí." Mo máa ń kúrò nídìí ààrò, màá gbọ́ ọ, màá ní ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ nìyí, ní apá Òkè-Ọdẹ báyìí ni wọ́n máa ń pè é, ìyá àgbà mi náà máa ń sọ ọ́. Á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti kú, mo ń dà á sínú ọpọ́n wọn ní ọ̀fẹ́, inú mi sì ń dùn pé mo wúlò. Mo tún máa ń sọ fún un pé kó má ṣe kánjú ṣe é, pé iṣẹ́ ọmọnìkejì ni. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi gbọ́ràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ogójì ìlà, òun ń ṣe ogún, nítorí kò fi àmì kan sílẹ̀. Iye ìlà sì ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo àmì.

Kíndìnrín ló mú un. Ilé ìwòsàn ní Ìlọrin ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ohun tó sì ń rí nínú kọ̀ǹpútà yẹn la fi ń fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ náà gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ láì fọwọ́ kan iṣẹ́, ẹ̀rọ á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kì í béèrè pé báwo ni ara. Nígbà tó dé ibi tí kò lè jókòó mọ́, tí ìka rẹ̀ wú, ó dùbúlẹ̀ ó ń ka ọjọ́. Ojú ìyá mi ni mo rí lójú rẹ̀. Ó ti máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan ní Òkè-Ọdẹ tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà, Nímọ́tà, wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí, orí fóònù ni wọ́n ti mọ ara wọn. Mo ní, "Nímọ́tà yẹn ńkọ́? Sọ fún un kó bá ọ ṣe tìrẹ. Bí ara rẹ bá yá, ìwọ náà á bá a ṣe tirẹ̀." Ó ní, "Màámi, wọn ò gbà bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Àwọn wo? Àwọn tí o ò mọ̀? Àáró ni. Ta ló ń kọ àáró?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí ni. Ó pè é, Nímọ́tà ò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ lọ sùn." Láti ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà ń ṣe tirẹ̀ láàárọ̀, ó ń ṣe ti Bọ́láńlé lọ́sàn-án. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́dọ̀ wọn, orí àpáta ẹ̀yìn ilé ló máa ń gùn lọ, òun àti agbòjò rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo ní Ọlọ́run ò sùn. A lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ kan ni ẹ̀rọ náà ní kí Bọ́láńlé fi ojú hàn. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ pé ẹni tó gba iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ọlọ́gbọ́n ayé á ti pa á dé, á wá ọgbọ́n mìíràn. Nímọ́tà, ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà, fi ojú ara rẹ̀ hàn án. Ó tún wá kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ó ní Àǹtí Bọ́láńlé ò sí nípò ìlera, àáró ni òun ń bá wọn ṣe, iṣẹ́ náà ò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, bí ara Àǹtí bá sì yá, Àǹtí náà á bá òun ṣe tòun, kí àwọn tó ni ẹ̀rọ jọ̀wọ́ má bínú. Ó rò pé bí ó bá ti yé wọn, ó parí. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná ni èsì ti dé. Wọ́n ní jìbìtì ni. Wọ́n ní ẹni méjì ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ orúkọ kan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Bọ́láńlé, wọ́n sì tì í mọ́ Nímọ́tà náà, owó iṣẹ́ tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti ṣe lóṣù yẹn sì bá a lọ. Bọ́láńlé kọ̀wé, kò sí ẹni tó dáhùn. Ó tún kọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá, bí ẹ̀gún ṣe máa ń padà sí ojú ibi tó ti gún ni. Mo bi í pé kò sí àgbà kan níbẹ̀ tí a lè rán ènìyàn sí? Ó ní, "Màámi, ẹ̀rọ ló ń dáhùn." Àwọn ènìyàn náà ò sí níbi tí ẹ̀bẹ̀ lè dé. Mi ò sọ pé ìyẹn ló pa á. Àìsàn ló pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a ò lè fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ ni mo mọ̀, mo sì mọ ìdí tí a ò fi lè fọ̀ ọ́.

Nímọ́tà wá lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí a sin ín. Òjò ti ba ọ̀nà Òkè-Ọdẹ jẹ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó gbé gàárì díẹ̀ dání. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, èmi ni Nímọ́tà," ó sì gbé gàárì náà síwájú mi. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí àwòrán Àǹtí Bọ́láńlé. Mo gbé e fún un. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ohùn wọn kéré lórí fóònù. Mo rò pé ènìyàn tínrín ni wọ́n." Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n dárí ji òun, pé òun ni òun kọ ìwé yẹn, pé bí òun bá ti dákẹ́ ni. Mo ní, "Irọ́ lo pa nínú rẹ̀?" Ó ní rárá. Mo ní, "Dìde nílẹ̀." Mo bu oúnjẹ fún un. Bó ṣe ń jẹun ni mo bi í pé ọjọ́ mélòó ló bá ọmọ mi ṣe. Ó ní, "Mọ́kàndínlógún, Màmá. Ẹ má ka ìyẹn." Mo ní, "Bọ́láńlé ti lọ, àáró ò bá a lọ. Ọjọ́ wo ni kí n wá? Ẹsẹ̀ mi ò lè tẹ nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n mo lè bó ẹ̀gẹ́, mo lè ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, mo lè jókòó ti ààrò kí ìwọ lọ sí orí àpáta rẹ."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Ó ní, "Màmá, ibo lẹ fẹ́ wá? Wọ́n ti ti tèmi náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ́ mi, Ìlọrin ni mò ń lọ lọ́la, bóyá màá rí ilé tí màá máa fọ aṣọ fún." Mo ní bí wọ́n bá ṣí i padà ńkọ́? Ó mi orí. "Àwọn tí wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ gan-an ò ríṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ náà ti ń gbọ́ fúnra rẹ̀. A ti kọ́ ọ tán, Màmá." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹní ń sọ pé òjò ti dá. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a dé ibi tí ọkọ̀ Ìlọrin ti ń gbéra, mo wò ó títí ó fi wọlé sínú ọkọ̀, ọmọ tí mi ò bí, tó ṣiṣẹ́ ní orúkọ ọmọ mi lábẹ́ agbòjò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jí láàárọ̀ tí ara mi ṣì lè ṣe díẹ̀, mo sì ń jókòó. Mo jẹ ẹ́ ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún, agbára tí mo lè fi san án ò tíì tán lára mi, mi ò sì rí ilé tí mo lè gbé e lọ.